Mímúra Alùpùpù Sílẹ̀ fún Ìdíje Tí Gbogbo Wa Ti Ń Gun Irú Kan Náà

Nínú ìdíje tí gbogbo èèyàn ti ń gun irú alùpùpù kan náà, ẹ́ńjìnì tó gbé ẹni àkọ́kọ́ dé òpin eré kò yàtọ̀ sí èyí tó gbé ẹni ìkẹyìn dé. Ohun tí àwọn tó ń ṣètò irú ìdíje yìí ń fẹ́ nìyẹn: kí owó má ṣe pinnu ẹni tí yóò borí. Síbẹ̀, alùpùpù méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́dún kan náà kì í rìn bákan náà lórí pápá. Wọ́n á tẹ bíréèkì, ọ̀kan á lọ tààrà, èkejì á máa mirí. Ọ̀kan á parí eré, èkejì á da ọ́ìlì sílẹ̀ ní kọ́nà, á sì gbé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣubú. Ọwọ́ ẹni tó múra wọn sílẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Bí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ṣe ń lọ ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ọjọ́ tí alùpùpù bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù títí di ìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn eré.

Ẹ ka ìwé òfin kí ẹ tó mú sípánà

Oríṣi méjì ni ìdíje yìí. Nínú oríṣi kan, àwọn olùṣètò ló ń pèsè alùpùpù, ẹni tó fẹ́ díje kàn máa gbé ara rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ wá ni. Bí Red Bull MotoGP Rookies Cup ṣe rí nìyẹn: ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀, KTM ló ń kó alùpùpù fún gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń díje níbẹ̀, RC 250 R ni wọ́n sì ti ń gùn láti 2013. Nínú oríṣi kejì, ẹ máa ra alùpùpù tí wọ́n ṣe fún títì, irú bíi Yamaha YZF-R3 tàbí KTM RC 390, ẹ ó wá sọ ọ́ di ti pápá fúnra yín lábẹ́ òfin tó le. Oríṣi kejì yìí ni mò ń bá wí.

Ohun kan wà tó máa ń dà bíi pé kò tọ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ohun tí ìwé òfin bá dákẹ́ lé lórí, èèwọ̀ ni. Ìwé náà kì í to gbogbo ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí wọ́n fàyè gbà ló máa ń kọ, ìyókù gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ tẹ ìwé náà jáde, kí ẹ mú bírò aláwọ̀ méjì. Ẹ fi ọ̀kan fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ ṣe, kí ẹ fi èkejì fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní ẹ lè ṣe bó bá wù yín. Ibi tí ẹ kò bá fàlà sí rárá, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Bí gbólóhùn kan bá rú yín lójú, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn olùṣètò, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn pamọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

Ẹ wá dáhùn ìbéèrè mélòó kan kí ẹ tó náwó. Ṣé wọ́n máa fi èdìdì di ẹ́ńjìnì, ta ni yóò sì dì í? Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì wo ni wọ́n gbà? Táyà ta ni, mélòó sì ni wọ́n gbà fún ọjọ́ ìdíje kan? Ṣé ìwọ̀n alùpùpù nìkan ni wọ́n ń wò, àbí wọ́n ń wọn alùpùpù pa pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gùn ún? Bó bá jẹ́ ìwọ̀n méjèèjì pọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ lè ní láti so irin mọ́ tirẹ̀. Kò sídìí kó máa náwó lé bóòtù olówó gọbọi láti fi dín ìwọ̀n kù nígbà náà.

Alùpùpù wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?

Bó bá jẹ́ tuntun, ó dára. Bó bá jẹ́ àlòkù, férémù ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ike ara rẹ̀. A lè ra ike tuntun, ó ṣe tán a fẹ́ bọ́ ike títì dànù ni. Ẹ gbé iwájú alùpùpù sókè kí táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí ọwọ́ rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Bó bá ń há láàárín, bí ìgbà tó bá kó sínú ihò kékeré kan, bẹ́ríǹ orí ti jẹ. Ẹ di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì mú, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Ohunkóhun tó bá gbò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ fi ń kan férémù bí wọ́n bá yí i dópin: bí ibẹ̀ bá ti tẹ̀ tàbí tó ti kán, alùpùpù náà ti ṣubú gan-an rí. Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá àgbá táyà méjèèjì wà lórí ìlà kan. Férémù tó bá ti wọ́, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Bíbọ́ ohun ọ̀nà kúrò

Apá yìí kì í pẹ́, ó sì máa ń dùn mọ́ èèyàn. Iná iwájú, tráfíkétọ̀, díńgí, fèrè, ibi tí nọ́ḿbà ń gbé, ìtẹ́sẹ̀ ẹni ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ìdúró ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn á kúrò. Ẹsẹ̀ ìdúró ní súìṣì kan tó ń pa ẹ́ńjìnì bí wọ́n bá ti fi gíà sí i láìgbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí ẹ bá ti yọ ẹsẹ̀ yẹn, ẹ ní láti so wáyà súìṣì náà bó ṣe yẹ, kí kọ̀ǹpútà lè gbà pé ó ti ká sókè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnì á kú bí ẹ bá ti wọ gíà àkọ́kọ́. Súìṣì tó ń mọ̀ pé alùpùpù ti ṣubú yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun ló ń pa ẹ́ńjìnì àti pọ́ǹpù epo nígbà tí alùpùpù bá dùbúlẹ̀ tí ẹni tó ń gùn ún kò sí nítòsí.

Ẹ má gé wáyà kankan tí kò bá pọn dandan. Ẹ fi ike àti téèpù di ẹnu èyí tó ṣófo, kí ẹ dì í mọ́ férémù níbi tí omi kò ti lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ta alùpùpù náà lọ́la, ẹni tó máa rà á á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Omi, ọ́ìlì, àti àwo ìsàlẹ̀

Èmi gbà pé apá yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá dà sórí pápá kì í sábà ṣe ẹni tó dà á léṣe, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń ṣe léṣe.

Ẹ tú omi rédíétọ̀ tó bá a wá dànù. Omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa yẹn ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní gílíkọ́ọ̀lù nínú, ó ń yọ̀ bí ilá, ó sì ṣòro láti fọ̀ kúrò lójú pápá. Ẹ fi omi lásán ṣan inú ẹ́ńjìnì títí tí ohun tó ń jáde kò fi ní ní àwọ̀ mọ́, kí ẹ wá rọ omi àsèdà sí i, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì. Ẹ má rọ omi ẹ̀rọ sí i, nítorí ìdọ̀tí líle tó ń fi sílẹ̀. Omi lásán ń gbé ooru ju omi tí wọ́n pò mọ́ gílíkọ́ọ̀lù lọ, torí náà ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò lágbára láti dá ìpẹtà dúró. Bí sáà ìdíje bá parí tí alùpùpù fẹ́ jókòó fún oṣù mélòó kan, tàbí tó fẹ́ wà níbi tí omi ti lè di yìnyín, ẹ dá omi aláwọ̀ padà sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwo ìsàlẹ̀, ìyẹn ike tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Ti títì ní ihò káàkiri, ṣùgbọ́n ti pápá gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi kó lè gba ohun tó bá jò. Ìwọ̀n tí òfin sábà ń fúnni ni ìdajì gbogbo ọ́ìlì àti omi tó wà nínú ẹ́ńjìnì, àwọn ìwé òfin kan sì máa ń ya iye lítà kan sọ́tọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dín sí. Bí ẹ́ńjìnì yín bá ń gba ọ́ìlì lítà 2.4 àti omi lítà 2, àwo náà gbọ́dọ̀ gba lítà 2.2 ó kéré tán. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé àwo náà sílẹ̀ bó ṣe máa dúró lára alùpùpù, kí ẹ di ihò rẹ̀, kí ẹ fi ìgò tó ní ìlà ìwọ̀n bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ń gba ojú bóòtù jò, ẹ lẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ má dúró de ìgbà tí ayẹ̀rọ̀wò, ẹni tó ń yẹ alùpùpù wò kó tó wọ pápá, yóò bá yín rí i. Ihò tó wà níwájú àwo náà, tó sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 25, gbọ́dọ̀ ní ìdérí rọ́bà. Dídé ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ìgbà tí wọ́n bá kéde pé eré òjò ni nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ fi aṣọ tó ń fa ọ́ìlì, tí kì í sì í tètè gbiná, tẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ rí i pé àwo náà kò sún mọ́ páìpù èéfín jù.

Afẹ́fẹ́ tó ń gba páìpù ìmí ẹ́ńjìnì jáde, kì í ṣe èéfín o, náà máa ń gbé ọ́ìlì díẹ̀ dání. Ìwé òfin lè ní kí ẹ fi páìpù rẹ̀ sínú àpótí afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ so ìgò kan mọ́ ọn. Ti rédíétọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìgò tirẹ̀. Ẹ máa da ohun tó wà nínú ìgò wọ̀nyí nù ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó jáde sórí pápá.

Síso bóòtù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wáyà

Ojú ibi tí wọ́n bá so wáyà sí ni ayẹ̀rọ̀wò máa ń wò kó tó mọ irú ẹni tó múra alùpùpù náà sílẹ̀. Bóòtù tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì lè dà jáde, ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, àsẹ́ ọ́ìlì, bóòtù tí wọ́n ń tú kí omi lè dà jáde, bóòtù kálípà bíréèkì: díẹ̀ nìyí nínú ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, gbígbọ̀n sì ń tú bóòtù. Wáyà kì í fún bóòtù pinpin o. Kò kàn ní jẹ́ kó yí kúrò lójú ibi tí ẹ fún un sí ni.

Ẹ mú bóòtù náà kúrò lára alùpùpù, kí ẹ fi báìsì dì í mú. Ihò náà máa gba igun orí bóòtù kọjá ni, láti ojú pẹrẹsẹ kan dé èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù àti ìṣó ṣe àmì kékeré kí ẹnu dírílù má baà yọ̀. Ẹnu dírílù mílímítà 1.5 tó fún wáyà mílímítà 0.8. Ẹ jẹ́ kí dírílù máa yí jẹ́jẹ́, kí ẹ máa kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì máa fà á jáde léraléra láti gbọn ìyẹ̀fun irin dànù. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó lu jáde lódì kejì, ẹ dẹwọ́. Ibẹ̀ ni ẹnu dírílù kékeré ti máa ń kán, èyí tó bá sì kán sínú bóòtù kì í yọ bọ̀rọ̀. Tó bá ti lu, ẹ fi ẹnu dírílù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ yí ẹnu ihò náà lẹ́ẹ̀kan kó má baà gé wáyà, kí ẹ wá fọ bóòtù náà mọ́ tónítóní.

Ẹ dá a padà, kí ẹ fún un dé iye agbára tí ìwé ilé iṣẹ́ sọ, kí ẹ tó so wáyà. Bí ihò náà bá kọjú sí ibi tí kò rọrùn, ẹ má fún bóòtù náà ní àfikún kí ó lè kọjú síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ lu ihò mìíràn ní igun tó kù. Wáyà náà gbọ́dọ̀ máa fa bóòtù sí apá tí wọ́n ń yí i sí láti fi fún un. Ẹ má kàn ki wáyà bọ inú ihò kí ẹ so ó síbikíbi: ẹ fojú inú wo bóòtù náà bó ṣe fẹ́ tú, kí ẹ bi ara yín bóyá wáyà yẹn máa fún sí i tàbí ó máa dẹ̀. Bó bá máa dẹ̀, ẹ ti so ó sódì. Ẹ lọ́ apá méjèèjì wáyà náà mọ́ra wọn déédéé, bíi ìlọ́ mẹ́ta sínú sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá lọ́ ọ jù, á di gíláàsì, á kán. Ẹ gé ìparí rẹ̀, kí ẹ ká a wọnú kí ó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àsẹ́ ọ́ìlì tí kò ní orí bóòtù, ẹ fi ìdè páìpù onísukúrúù yí i ká, kí ẹ so wáyà mọ́ ìdè náà.

Bíréèkì

Páìpù rọ́bà tó bá alùpùpù títì wá máa ń wú díẹ̀ nígbà tó bá gbóná, ọwọ́ bíréèkì á wá máa sún mọ́ gíríìpù bí eré ṣe ń pẹ́. Bí òfin bá gbà, ẹ fi èyí tí wọ́n fi irin hun pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun sì ni dandan. Ọ́ìlì tuntun tí wọ́n kọ DOT 4 sára ìgò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, DOT 5.1 kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 260°C, ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti gba omi, ìwọ̀n yẹn lè já wálẹ̀ sí 155°C fún DOT 4 àti 180°C fún DOT 5.1. Ìgò tó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún tó kọjá kò wúlò mọ́. Ẹ má dà DOT 5 mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, nítorí sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, nọ́ḿbà nìkan ni wọ́n fi jọ ara wọn.

Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ọwọ́ bíréèkì á fi le bí òkúta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn di ọwọ́ bíréèkì náà mọ́ gíríìpù, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: afẹ́fẹ́ kéékèèké tó kù lè gòkè wá fúnra rẹ̀. Páàdì bíréèkì tuntun kò tíì mọ àwo irin tó ń fún mú. Ẹ fi ìyípo mélòó kan lórí pápá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dópin.

Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ṣéènì

Orí ọwọ́ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rí roboto, ó sábà máa ń jẹ́ mílímítà 16 ó kéré tán, kó má baà gún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá kán nígbà tí alùpùpù ṣubú, ẹ má yún un kí ẹ lò ó. Níwájú ọwọ́ bíréèkì, ẹ so irin tàbí ike ààbò mọ́ ọn, kí alùpùpù ẹlòmíràn tó bá fara kàn yín má baà tẹ bíréèkì fún yín. Ẹ yí ọwọ́ ìdarí dópin lápá méjèèjì: ìka yín kò gbọ́dọ̀ há sáàárín gíríìpù àti tánkì. Mílímítà 30 ni àlàfo tí òfin sábà ń béèrè níbẹ̀. Bí ẹ bá fa gíríìpù epo tí ẹ sì fi í sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀, yálà ọwọ́ kọjú sí òsì tàbí ọ̀tún.

Láàárín ṣéènì ìsàlẹ̀ àti eyín ńlá ẹ̀yìn, ìyẹn irin roboto eléyín tí ṣéènì ń yí, ààbò kan gbọ́dọ̀ wà tó dà bí ìyẹ́ ẹja, tí wọ́n fi ike líle tàbí irin ṣe. Ẹni tó ṣubú tí ọwọ́ rẹ̀ kó sí ibẹ̀ ni wọ́n ronú kàn kí wọ́n tó ṣòfin yẹn. Ẹ fi bóòtù dì í mọ́lẹ̀ gidi, kì í ṣe okùn ike.

Eyín ṣéènì wà lára ohun díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdíje fi sílẹ̀ fún yín láti yàn, torí náà ẹ fi ọkàn sí i. Eyín 14 níwájú àti 43 lẹ́yìn jẹ́ 3.07, ìyẹn 43 tí a fi 14 pín. Bí ẹ bá fi 44 sẹ́yìn, ó di 3.14. Bí ẹ bá dín ti iwájú sí 13, ó fò lọ sí 3.31. Eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta lẹ́yìn, nítorí náà ẹ fi ti iwájú sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn tún un ṣe. Ohun tí ẹ ń wá ni pé ní òpin ojú ọ̀nà tó gùn jù, ẹ́ńjìnì yín á sún mọ́ òkè agbára rẹ̀ nínú gíà tó gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò ní dé ibi tí kọ̀ǹpútà á ti dí i lọ́wọ́. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, torí bí ẹ bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn tó ń gba afẹ́fẹ́ fún yín, ẹ máa yára ju ìgbà tí ẹ bá nìkan wà lọ. Bí ẹ bá ń fa ṣéènì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì tó wà lára apá ẹ̀yìn. Ẹ fi rúlà wọn ọ̀nà tó jìn láti ojú ibi tí apá náà ti ń yí dé àárín ásùlù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọgbọọgba ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì àti fọ́ọ̀kì

Ibí yìí ni alùpùpù méjì tó jọra ti ń yàtọ̀ jù. Sípíríǹgì tó bá a wá nílé iṣẹ́, ẹnì kan tí kò sanra tí kò tín-ínrín ni wọ́n fọkàn rò, ẹ sì lè má rí bí ẹni náà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdè kankan, ẹ wọn bó ṣe ń rọ̀ sísàlẹ̀ tó bí ẹ bá jókòó lé e. Ẹni mẹ́ta ló ń ṣe é dáadáa: ẹnì kan á gùn ún, ẹnì kan á dì í mú lóòró, ẹnì kan á máa wọ̀n.

Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn láti àárín ásùlù dé bóòtù kan lókè gangan. Ká ní ó jẹ́ mílímítà 580. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹni tó máa gùn ún wọ gbogbo aṣọ eré rẹ̀, àkẹtẹ̀ ààbò pẹ̀lú, kó jókòó bó ṣe máa jókòó lórí eré, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìtẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀yìn náà wálẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó rọra gòkè fúnra rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n: 546. Ẹ wá gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó rọra sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: 552. Bí àwọn ohun inú ṣọ́ọ̀kì ṣe ń fara ha ara wọn ló fà á tí méjèèjì kò fi bára mu. Àárín wọn jẹ́ 549, 580 yọ 549 sì kù 31. Bó ṣe rọ̀ tó nìyẹn. Ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà fún iwájú. Fún alùpùpù pápá, láti 30 dé 35 níwájú àti láàárín 25 sí 35 lẹ́yìn jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wọn ẹ̀yìn láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀: ó yẹ kó ṣì rọ̀ bíi mílímítà 5 sí 10. Bí ti ẹni tó ń gùn ún bá ṣe déédéé ṣùgbọ́n tí alùpùpù kò rọ̀ rárá fúnra rẹ̀, sípíríǹgì náà rọ̀ jù fún un, wọ́n sì ti fún un jù láti fi bo àṣírí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òdìkejì, sípíríǹgì le jù. Bí òfin bá gbà kí ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì, owó yẹn wúlò ju èyíkéyìí tí ẹ lè ná lára ẹ́ńjìnì lọ.

Ìdè tó ń darí bó ṣe ń yára gòkè àti bó ṣe ń yára sọ̀kalẹ̀, ẹ dá wọn padà sí ibi tí ìwé ilé iṣẹ́ sọ. Ẹ yí wọn wọlé dópin jẹ́jẹ́, kí ẹ ka kílíìkì bí ẹ ṣe ń yí wọn jáde, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kílíìkì méjì péré. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ kò lè mọ èyí tó ran òun lọ́wọ́.

Táyà

Táyà kan náà ni gbogbo yín máa lò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ fi sí i wà lọ́wọ́ yín. Iye tí ilé iṣẹ́ táyà náà fúnni ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì béèrè bóyá ti òtútù ni tàbí ti gbígbóná, torí afẹ́fẹ́ máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Bí wọ́n bá gba aṣọ ìgbóná-táyà láàyè, ẹ wọ̀ ọ́ fún un bíi wákàtí kan ní nǹkan bí 80°C kí ooru lè dé inú àgbá, kí ẹ wá wọn afẹ́fẹ́ náà ní gbígbóná. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò títí. Ẹ fi ìdérí onírin bo ẹnu fálúfù, kì í ṣe onírọ́bà, kí ẹ má sì gbàgbé láti yọ irin ìwúwo kékeré àtijọ́ tó wà lára àgbá kí wọ́n tó so tuntun.

Ike ara, nọ́ḿbà àti tráńspọ́ńdà

Ẹ gbé gbogbo ike pápá sórí alùpùpù, kí ẹ lu ihò rẹ̀, kí ẹ dì í, kí ẹ tú u, kí ẹ tún dì í, kó tó di pé ẹ kùn ún lọ́dà. Ike tí wọ́n ti kùn kí wọ́n tó lu ihò máa ń bó. Ẹ lo ìdè tó ń ṣí pẹ̀lú ìyí díẹ̀ lásán, torí ẹ máa bọ́ ike náà léraléra. Nọ́ḿbà gbọ́dọ̀ hàn gbangba lọ́nà jíjìn, ní àwọ̀ tí ìwé òfin sọ. Tráńspọ́ńdà tó ń ka àkókò, ẹ so ó síbi tí kò sí irin tàbí kábọ́ọ̀nù láàárín òun àti ilẹ̀, kó sì jìnnà sí ooru. Ẹ so iná pupa ẹ̀yìn ti òjò mọ́ ọn báyìí bó bá jẹ́ dandan níbi tí ẹ fẹ́ díje. Òjò kì í kéde ara rẹ̀.

Ìjáde àkọ́kọ́ àti ọjọ́ àyẹ̀wò

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìdíje jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí alùpùpù náà máa dé pápá. Ẹ wá ọjọ́ ìdánrawò kan. Ìyípo díẹ̀ tó rọra ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ wọlé, kí ẹ bọ́ àwo ìsàlẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ ẹ́ńjìnì. Aṣọ funfun kì í fi ọ́ìlì pamọ́. Ẹ tún fún bóòtù ásùlù, ti kálípà àti ti eyín ẹ̀yìn dé ìwọ̀n wọn, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí bóòtù dé ara ohun tó dì. Bí ìlà náà bá já nígbà mìíràn, ojú yín á rí i láìfọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ gbé alùpùpù tó mọ́ lọ, pẹ̀lú aṣọ, bàtà, ìbọ̀wọ́ àti àkẹtẹ̀ ààbò yín, nítorí wọ́n á yẹ ìwọ̀nyẹn wò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tọ́ka sí àléébù kan, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé tó sọ ọ́ hàn yín, kí ẹ lọ tún un ṣe. Ẹ kó ọwọ́ bíréèkì, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ìtẹ́sẹ̀, ọwọ́ ìdarí àti àwo ìsàlẹ̀ mìíràn dání nínú ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ kán bí alùpùpù bá ṣubú lówùúrọ̀, bí wọn kò bá sì sí, eré ọ̀sán ti kọjá yín nìyẹn.

Bí eré bá parí, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e sí ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ táyà, ẹ má rọ epo, ẹ má so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan bá yín tún ìdè kan ṣe. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n, wọ́n lè gba epo inú tánkì rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì lè wo èdìdì ẹ́ńjìnì. Ìgbà tí wọ́n bá sọ pé ó di tiyín padà ni kí ẹ tó tì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ bọ́ àwo ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tún mú aṣọ funfun.